Báàgì Ọmọ Tuntun: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Èyí Tí Ọwọ́ Kan Máa Lè Lò

Púpọ̀ nínú àwọn báàgì ọmọ tó wà lórí àtẹ, ojú ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Àwọ̀ á dára, irin ara rẹ̀ á máa dán, àpò á wà níhìn-ín, àpò á wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ báàgì náà bá dé gan-an, ọmọ á ti wà lọ́wọ́ òsì yín, á máa ké, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló máa ṣẹ́kù tí ẹ máa fi wá ìlédìí, tí ẹ máa fi fa wáìpù yọ, tí ẹ máa fi tẹ́ ẹní. Báàgì tí ọwọ́ kan ò bá lè ṣí, tí ọwọ́ kan ò sì lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀, ẹrù lásán ni, iye yòówù kí wọ́n tà á. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

1. Ẹ kó ẹrù jọ kí ẹ tó wá báàgì

Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ẹ kó gbogbo ohun tí ọmọ máa lò níta sórí bẹ́ẹ̀dì ná, kí ẹ fojú ara yín rí bó ṣe pọ̀ tó. Ọmọ tuntun máa ń lo ìlédìí bíi 8 sí 12 lójúmọ́, ó sì máa ń jẹun ní nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3 síra. Tí ẹ bá ń jáde, ẹ ka ìlédìí kan fún wákàtí méjì-méjì tí ẹ máa lò níta, kí ẹ wá fi méjì lé e, nítorí ọ̀nà lè dí, ọmọ sì lè ya ìgbẹ́ sí èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ fún un tán. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìrìn wákàtí 4, ìlédìí 4 tó o.

Lẹ́yìn ìlédìí, ó ku ọ̀rá wáìpù kan, ìpara ìdí, ẹní kékeré tí ẹ máa tẹ́ ọmọ lé, ọ̀rá tí ẹ máa di ìlédìí ìdọ̀tí sí, aṣọ ìpààrọ̀ méjì tó pé látòkè délẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́ tí ẹ máa fi nu ẹnu rẹ̀ tó bá bì, aṣọ ìbora kan, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, àti àwọn ohun èlò oúnjẹ rẹ̀. Ẹ tún fi ṣẹ́ẹ̀tì tàbí bùláòsì kan ti ẹ̀yin fúnra yín kún un. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ máa ń ṣàn, tó bá sì ti gba ẹ̀yìn ìlédìí jáde, ara ẹni tó gbé e ló máa bọ́ sí. Ẹ ò ní fẹ́ wọ aṣọ yẹn jókòó sáàárín èèyàn títí ẹ ó fi délé.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, ẹ tò ó sínú báàgì èyíkéyìí tó wà nílé, ì báà jẹ́ báàgì ilé ìwé àtijọ́. Bó bá ṣe kún tó ló máa sọ ìwọ̀n tí ẹ nílò. Fún ọmọ kan tó ń lo ìlédìí àlòsọnù, báàgì tó gba lítà 15 sí 20 tó fún ìjáde ojoojúmọ́. Tó bá jẹ́ ìbejì ni, tàbí tó bá jẹ́ ìlédìí aláṣọ lẹ̀ ń lò, ẹ máa wá lítà 25 tàbí kó lé díẹ̀. Ìlédìí aláṣọ nípọn, ẹyọ kan lè gba àyè àlòsọnù méjì, kò sì ṣeé sọ nù síta. Gbogbo èyí tí ẹ bá gbé jáde lẹ máa gbé padà wálé, tòun ti ìtọ̀ inú rẹ̀.

Àwọn tó ń ta báàgì kì í sábà kọ iye lítà tó gbà. Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn bó ṣe fẹ̀, bó ṣe ga àti bó ṣe jìn nínú, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ nípa ara wọn, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Báàgì tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 35, tó sì jìn ní 15, ó lé díẹ̀ ní lítà 15. Àyè tí ẹ máa rí lò gan-an á dín díẹ̀ sí i, torí igun báàgì kì í dúró gan-an bíi ti páálí.

Ẹ má sì rò pé báàgì tó tóbi gan-an ló máa gbà yín. Àyè tó bá ṣófo nínú báàgì, ẹ máa wá nǹkan dí i ṣáá ni, ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ méjì lẹ máa rí i pé ẹ ti ń gbé ẹrù ìrìn àjò lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

2. Ta ló máa gbé báàgì, báwo lẹ sì ṣe ń gbé ọmọ?

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: àgbékẹ́yìn, àgbékọ́ èjìká, àti èyí tí okùn rẹ̀ máa ń gba àyà kọjá sí ìbàdí lódìkejì.

Àgbékẹ́yìn ló ń pín ẹrù sórí èjìká méjèèjì, òun ló sì ń dá ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún ọmọ. Tẹ́nì kan bá ní kí n mú ọ̀kan fún òun láì bi mí ní ìbéèrè kankan, òun ni màá mú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yìn yín ni ọmọ máa ń wà, àgbékẹ́yìn ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ àyà lẹ máa ń so ó mọ́, ẹ rí i dájú pé okùn báàgì kò ní gun orí okùn tí ẹ fi gbé ọmọ, torí ibi tí okùn méjì bá ti gun ara wọn ló máa ń bó èèyàn léjìká. Àléébù kejì ni pé ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó lè mú nǹkan níbẹ̀. Èyí tó ní síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ lè yí wá síwájú lórí èjìká kan kí ẹ sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, yanjú ìyẹn díẹ̀.

Àgbékọ́ èjìká tètè ń ṣí, ó sì máa ń jọ báàgì àgbà, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó: bí ẹ bá ṣe tẹ̀ síwájú láti gbé ọmọ, okùn á yọ̀ bọ́ láti èjìká, báàgì á sì fì wá gbá ọmọ lójú. Ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Èyí tó ń gba àyà kọjá kò ní í yọ̀, ó dára fún ìrìn kúkúrú, àmọ́ èjìká kan ṣoṣo ló ń ru gbogbo ẹrù, tó bá sì di ọ̀sán, ọrùn á ti máa dùn yín.

Ìyá tó bímọ nípa iṣẹ́ abẹ, wọ́n sábà máa ń kìlọ̀ fún un pé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má gbé ohunkóhun tó bá wúwo ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹlòmíì ló máa gbé báàgì yìí fún ìgbà díẹ̀, bóyá bàbá ọmọ, bóyá ìyá àgbà. Nítorí náà, kí okùn rẹ̀ ṣeé fà gùn, kó sì ṣeé dín kù láìsí wàhálà, kí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹni tó máa gbé e kò ní máa fi pamọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ wá kù. Ọ̀pọ̀ báàgì ló máa ń ní ìkọ́ méjì tí ẹ lè fi so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, àwọn tó ń tà á sì máa ń fi ìyẹn polówó. Ẹ má fi ẹrù tó wúwo kọ́ síbẹ̀. Ìwúwo ọmọ ló ń mú kí kẹ̀kẹ́ dúró, bí ẹ bá ti gbé e kúrò, báàgì á fà á ṣubú sẹ́yìn. Èyí tó burú jù ni kí ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń gun òkè tàbí ń gun àtẹ̀gùn kékeré kan. Inú agbọ̀n tó wà nísàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni kí báàgì máa wà, torí náà ẹ wọn agbọ̀n yẹn kí ẹ tó lọ rà á.

3. Ẹ gbé e wò lófìfo

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Báàgì tó bá ti wúwo ju kílò 1 lọ kí ẹ tó fi nǹkankan sí i, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Omi ìlàjì lítà nìkan jẹ́ ìlàjì kílò. Ẹ ka fúláàsìkì, fídà, aṣọ àti ìlédìí mọ́ ọn, ó ti di kílò 3 tàbí 4, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun fúnra wọn kì í ju kílò 2.5 sí 4 lọ. Kí okùn èjìká fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí tìmùtìmù díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gé èèyàn léjìká.

4. Ẹnu báàgì àti àpò inú rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wò ó báyìí: ọmọ ti wà lórí ẹní, ẹ fi ọwọ́ òsì di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú sókè, ẹ ti tú ìlédìí, ẹ ti lo wáìpù àkọ́kọ́, kò sì tó. Tí ọ̀rá wáìpù bá wà nísàlẹ̀ báàgì, lábẹ́ aṣọ ìbora, ẹ máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn bọ́ kí ẹ tó lè wá a, gìgísẹ̀ méjèèjì á sì wọnú ìgbẹ́ lọ ràì. Láti ibẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ti lọ, ṣòkòtò ti lọ, ẹní náà ti lọ. Ohun tó fa gbogbo rẹ̀ kò ju ibi tí àpò kan wà lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kó báàgì yín tàbí àpamọ́wọ́ yín sápá òsì bí ìgbà tí ẹ gbé ọmọ, kí ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan ṣe nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ ṣí i. Síìpù tó dára máa yọ̀ lọ láì jẹ́ pé ẹ fi ọwọ́ kejì di ìdí báàgì mú. Tó bá ń há ní igun, ilé ló máa há sí jù. Ìkejì, ẹ wo inú rẹ̀. Ẹnu báàgì gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ láì wó padà lé ọwọ́ yín lórí. Àwọn kan ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ létí ẹnu wọn tó ń mú kí ẹnu náà là sílẹ̀ gbàgàdà, mo fẹ́ràn wọn gan-an. Ìkẹta, ẹ pa á dé.

Mágínẹ́ẹ̀tì máa ń pa dé wẹ́rẹ́, ọwọ́ kan sì tó o, àmọ́ tí báàgì bá dojú dé nínú ọkọ̀, gbogbo ẹrù á tú jáde. Fẹ́líkírò, ìyẹn ìdè alápá méjì tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kì í há, ṣùgbọ́n ariwo tó máa ń pa tí ẹ bá ń ya á tó láti jí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, fọ́nrán òwú aṣọ á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn títí kò fi ní lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Síìpù ni kẹ́ ẹ mú fún ẹnu ńlá, mágínẹ́ẹ̀tì kò burú fún àpò ìta.

Ní ti inú, ẹ wá èyí tí aṣọ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀: funfun rúsúrúsú, àwọ̀ eérú, ìyeyè. Aṣọ inú tó bá dúdú kirikiri máa gbé ìdérí ìpara àti rọ́bà tí ẹ fi ń tan ọmọ jẹ mì, ní òru ẹ máa máa fi ọwọ́ wá a bí ẹni ń wá nǹkan nínú kànga.

Iye àpò ńkọ́? Àwọn tó ń tà á á máa fi àpò 15, àpò 20 yangàn. Ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló máa lo báàgì náà, ẹ sì tún máa lò ó nígbà tí oorun ò tíì dá lójú yín, àpò tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ á kàn di ibi tí nǹkan ń sọnù sí. Ohun tí mo rò pé ó tó nìwọ̀nyí: àpò kan níta tí wáìpù máa wà, tí ẹ lè fa ẹyọ kan yọ níbẹ̀ láì ṣí báàgì, àpò fídà kan tàbí méjì tó ga, kí fídà má baà dùbúlẹ̀, àpò pẹlẹbẹ lẹ́yìn fún ẹní, àpò tó ní síìpù fún fóònù, kọ́kọ́rọ́, owó àti káàdì àjẹsára, àti ibi kan tó dá dúró pátápátá fún ohun tó ti dọ̀tí tàbí tó ti rin. Àyè ńlá àárín, ìlédìí àti aṣọ ló ni ín.

Ẹ tún gbé e kalẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó máa dá dúró. Báàgì tó bá ń ṣubú tí ẹ bá ti gbé e sílẹ̀ máa ń da fídà sórí aṣọ mímọ́. Kí ó ní ìkọ́ tàbí ọwọ́ kúkúrú lókè pẹ̀lú, torí ilé ìtọ̀ ìta kan wà tí ẹ ò ní fẹ́ kí báàgì ọmọ fara kan ilẹ̀ rẹ̀ rárá.

5. Àpò fídà: ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ọ̀pọ̀ báàgì ló ní àpò tí wọ́n fi fóòmù àti ohun dídán bíi fàdákà bò nínú, wọ́n á ní ó ń mú oúnjẹ ọmọ gbóná. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àpò yẹn kì í mú nǹkan gbóná, kì í sì í mú un tutù. Ohun tó ń ṣe ò ju pé ó ń fà á sẹ́yìn kí nǹkan tó gbóná tètè tutù, kí ohun tó tutù sì tètè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mílíìkì tó bá wà ní lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni kòkòrò àìfojúrí máa ń bí sí i nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe po mílíìkì gbígbóná sínú fídà nílé kí ẹ wá máa fi àpò yẹn ṣọ́ ọ kiri. Ohun tútù pẹ̀lú yìnyín ni kí ẹ fi sínú rẹ̀.

Omi ọmú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún sínú ìgò lè wà níta fún wákàtí 4, bí ibẹ̀ kò bá gbóná ju 25°C lọ. Tí ẹ bá gbé e sínú àpò oní-fóòmù pẹ̀lú ọ̀rá yìnyín tó ti dì gbagidi, ó lè tó wákàtí 24. Kí yìnyín fara kan ìgò náà, kí ẹ má sì máa ṣí àpò náà ní gbogbo ìgbà. Tó bá jẹ́ ọmú tààrà ni ọmọ ń mu, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, àpò fídà kan tí ẹ máa fi omi mímu tiyín sí ti tó.

Mílíìkì inú agolo gba ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí mílíìkì lúbúlúbú kò mọ́ pátápátá lọ́wọ́ kòkòrò àìfojúrí, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Cronobacter tó lè ṣe ọmọ tuntun ní jàǹbá gidi. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí omi tí ẹ máa fi pò ó má relẹ̀ ju 70°C lọ. Níta, ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ da omi tó ń hó kún fúláàsìkì dé ẹnu, kí ẹ dé e pa, kí ẹ sì wọn mílíìkì lúbúlúbú sínú ike kékeré tó gbẹ, oúnjẹ kan sí ike kan. Fúláàsìkì tó kún dáadáa lè mú omi gbóná kọjá 70°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tó dín ní ìlàjì tètè ń tutù. Tí ebi bá ń pa ọmọ, ẹ pò ó níbẹ̀, ẹ gbé fídà sínú omi tútù kó lè rọlẹ̀, ẹ kán an sí inú ọrùn ọwọ́ yín kí ẹ tó fi fún un. Èyí tí ẹ bá ti pò, kó má kọjá wákàtí 2. Tí ọmọ bá sì ti fẹnu kàn án, ó ku wákàtí 1 péré, lẹ́yìn náà ẹ dà á nù, bó ti wù kó ṣẹ́kù tó.

Gbogbo èyí kan báàgì, torí ó ń sọ iye àpò ìdúró tí ẹ nílò. Ẹni tó ń lo mílíìkì inú agolo nílò àpò gíga fún fúláàsìkì, òmíràn fún fídà, àti ibi gbígbẹ fún àwọn ike. Kí àpò fúláàsìkì wà níta, kó dúró ṣánṣán, kó sì fún un mọ́ra: omi gbígbóná tó bá ń jò nínú báàgì lè jó ọmọ tó jókòó tì í.

Tí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, òfin tó ní kí ohun olómi má ju mílílítà 100 lọ kò de mílíìkì ọmọ àti omi ọmú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, Amẹ́ríkà wà nínú wọn. Wọ́n á kàn ní kí ẹ kó o jáde fún àyẹ̀wò. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sójú kan tí ẹ lè fà yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

6. Ara báàgì

Náílọ̀n àti pọliẹ́sítà fúyẹ́, wọ́n tètè ń gbẹ, ojú wọn sì ṣeé nù. Káńfáàsì lágbára, àmọ́ ó ń mu omi, ó sì ń di àbàwọ́n mú. Awọ gidi wúwo, kò sì ṣeé fọ̀. Ayédèrú awọ ṣeé nù dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti ń ká ló ti máa ń bó.

Ẹ kán omi díẹ̀ sí ara rẹ̀ níta àti nínú, kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọjà o. Omi tó bá kórajọ tó sì yí dànù, ó dára. Èyí tó bá wọlé ṣìn-ìn, ẹ mọ ohun tí mílíìkì máa ṣe síbẹ̀. Inú ṣe pàtàkì ju ìta lọ. Mílíìkì tó bá dà sínú aṣọ lásán máa kan, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí báàgì padà kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti rán okùn mọ́ ọn. Kí òwú ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, tàbí kí wọ́n rán an ní onígun mẹ́rin tí ìlà méjì fi àgbélébùú dábùú àárín rẹ̀. Ibẹ̀ ni báàgì ti sábà máa ń ya.

Ẹ fi imú gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá ń rùn bí ọ̀dà tàbí rọ́bà, ẹ ṣí i sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Tí òórùn náà ò bá lọ, ẹ dá a padà. Ẹ wo àmì ìfọṣọ inú rẹ̀ bóyá ó ṣeé fi ẹ̀rọ fọ̀. Èyí tó ní rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́, inú ibòji ló sì fẹ́ gbẹ, torí ooru tó pọ̀ ló ń mú kí rọ́bà yẹn ṣí.

7. Ẹní àti àpò ohun tó ti rin

Ẹní tó bá báàgì wá sábà máa ń kéré. Ọmọ tuntun máa ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50, torí náà ẹní tó gùn ní 60 máa tó fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ á ti máa yọ síta. Ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò jù: kó jẹ́ èyí tó ṣeé nù ní ẹ̀ẹ̀kan. Aṣọ olówùú tó rọ̀ dùn-ún wò, àmọ́ ìtọ̀ kan ló máa fi wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bó ti wù kí ẹní dára tó, tí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì tàbí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ kan kì í kúrò lára ọmọ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí báàgì fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kó sì ti là sílẹ̀ kí ẹ tó tú ìlédìí.

Àpò tí ẹ máa kó ìlédìí àti aṣọ tó ti rin sí yẹ kó ní síìpù, kí inú rẹ̀ má sì jẹ́ kí omi jò. Àwọn tó ń lo ìlédìí aláṣọ nílò méjì: ọ̀kan tí ẹ ń lò lọ́wọ́, ọ̀kan tó ń gbẹ lórí okùn.

8. Ṣé dandan ni kí ẹ ra èyí tí wọ́n pè ní báàgì ọmọ?

Rárá o. Báàgì ẹ̀yìn lásán tó fúyẹ́, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, á ṣe iṣẹ́ kan náà tí ẹ bá ra àpò kéékèèké oní-síìpù mẹ́rin sí i, kí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Aláwọ̀ pupa fún ìlédìí àti ìpara, aláwọ̀ búlúù fún aṣọ, aláwọ̀ ewé fún oúnjẹ, dúdú fún ìdọ̀tí. Mo tiẹ̀ rò pé ètò yìí dára ju ti ọ̀pọ̀ báàgì ọmọ lọ, nítorí ẹ lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé "ẹ bá mi mú pupa wá" láì ṣe àlàyé kankan, tó bá sì jẹ́ pé ilé ìtọ̀ lẹ fẹ́ yára dé, pupa nìkan lẹ máa mú dání, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jọ jáde.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rà á, ẹ má gba àwòrán gbọ́. Ẹ wo ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀, ẹ ka ohun tí àwọn tó ti lò ó kọjá oṣù mẹ́ta sọ nípa síìpù àti okùn, kí ẹ sì mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà. Tó bá délé, ẹ má tíì já bébà ara rẹ̀. Ẹ kó ẹrù orí bẹ́ẹ̀dì yẹn sínú rẹ̀, ẹ gbé e kọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn nínú ilé, kí ẹ gun àtẹ̀gùn bó bá wà. Ibi tó bá ń dunni lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní sàn tó bá di wákàtí mẹ́ta.

9. Títò rẹ̀ àti ṣíṣọ́ rẹ̀

Ẹ di aṣọ ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré tirẹ̀, tòkè-tilẹ̀, ìlédìí kan láàárín. Tí ìgbẹ́ bá bẹ́, ohun kan ṣoṣo lẹ máa fà yọ, ọ̀rá tó ṣófo yẹn náà lẹ máa fi gbé èyí tó dọ̀tí. Ibì kan náà ni kí gbogbo nǹkan máa wà lójoojúmọ́, kí ọwọ́ lè mọ ọ̀nà láì jẹ́ pé ojú wò ó.

Bí ẹ bá ti wọlé, kí ẹ tó jókòó, ẹ kó ìlédìí ìdọ̀tí àti fídà jáde, ẹ rọ́pò ohun tí ẹ lò. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é lọ́la, ọ̀nà ilé ìwòsàn ló ti máa rántí. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ tú aṣọ inú rẹ̀ wò: ọmọ ń dàgbà, aṣọ tí ẹ kó síbẹ̀ nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì kò ní gba orí rẹ̀ kọjá mọ́ tó bá pé oṣù mẹ́ta, àárín ìrìn sì ni ẹ máa mọ̀.

Nǹkan bí oṣù 6, oúnjẹ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í dara pọ̀ mọ́ mílíìkì, ṣíbí, ife àti aṣọ tí ẹ máa so mọ́ ọmọ lọ́rùn tó bá ń jẹun á sì gba àyè tí ìlédìí ń fi sílẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni ọmọ á máa rákò, á sì ti mọ̀ pé báàgì yẹn ni gbogbo ohun dáadáa ti ń jáde wá. Láti ìgbà yẹn lọ, oògùn, owó ẹyọ, ìpara ìfọwọ́ olóti àti ohunkóhun tó ní bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò oní-síìpù tó wà lókè pátápátá. Tí ọmọ bá gbé bátìrì yẹn mì, láàárín wákàtí 2 ó lè jó o lọ́nà ọ̀fun gan-an. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ta ọ̀rá tó ṣófo ní kókó kí ẹ tó kó o sí báàgì, torí ọ̀rá lè dí ọmọ nímú, kí ẹ sì kan ìkọ́ kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó, fún báàgì náà.